Fíìmù olórin àti orin rọ́ọ̀kì ní ilẹ̀ Yorùbá

Fíìmù olórin ni fíìmù tí orin jẹ́ òpómúléró rẹ̀: bí a bá yọ orin kúrò nínú rẹ̀, ìtàn náà kò ní lè dá dúró. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orí ìtàgé àwọn eléré alárìnjò ni irú fíìmù yìí ti ṣẹ̀ wá. Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, wà lára àwọn tí ó gbé e dé ojú sinimá. Ní àwọn ọdún 1970 tí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn ọ̀dọ́ ìlú Èkó náà ń ta gìtá oníná, wọ́n sì ń kọ orin rọ́ọ̀kì tí ó ní ìlù ilé nínú. Àwọn olórin òyìnbó gbọ́ orin ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n mú un lọ sínú orin àti fíìmù tiwọn, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tún padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń wá orin àti fíìmù ìgbà náà kiri lónìí ni kò tíì dáyé nígbà tí wọ́n jáde. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí wò tàbí kí ó gbọ́ kò ju èyí tí ẹnìkan rántí láti pamọ́ lọ.

== Ìtumọ̀ àti oríṣiríṣi rẹ̀ ==

A lè pín fíìmù olórin sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni fíìmù ìtàn àròsọ tí àwọn òṣèré ti ń fi orin, ijó tàbí ìlù gbé ìtàn náà lọ síwájú. Èkejì ni fíìmù àkọsílẹ̀, èyí tí ó ya olórin gidi níbi tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nínú ilé, lórí ìtàgé tàbí ní ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni fíìmù ìtàn ìgbésí ayé, níbi tí òṣèré kan ti gbé ìwà olórin tí ó ti kú tàbí tí ó ṣì wà láàyè wọ̀.

Àwọn fíìmù kan tún wà tí kò ṣeé fi sí ọ̀kan pàtó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n lè jẹ́ fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí ẹgbẹ́ olórin kan ṣàdédé yọ sí láàrin ìtàn, tàbí fíìmù tí ìtàn rẹ̀ rí rúdurùdu ṣùgbọ́n tí orin inú rẹ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í sábà pa owó nígbà tí ó bá kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni àwọn ènìyàn díẹ̀ máa ń rí i, tí wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, tí wọ́n á sì máa júwe rẹ̀ fún ara wọn.

== Láti ìtàgé dé ojú sinimá ==

Ọ̀sọ̀sà kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hubert Ògúndé sí ní ọdún 1916. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀. Ògúndé ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe ọlọ́pàá kí ó tó di eléré. Ní ọdún 1944 ni ó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, The Garden of Eden and the Throne of God, jáde ní Èkó fún ìjọ Aládùúrà kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó dá ẹgbẹ́ tí ó pè ní African Music Research Party sílẹ̀. Orin ni ó fi sínú orúkọ ẹgbẹ́ náà, kò fi eré sí i, nítorí pé orin ni ó ń gbé eré rẹ̀ ró. Ní ọdún 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú, eré tí ó mú kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè náà títí di ọdún 1966.

Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe ni Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976. Ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dojú kọ olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́ ni. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, àti Dúró Ládiípọ̀ kópa nínú rẹ̀. Orin àti ijó ni wọ́n fi gbé ìtàn náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n lórí ìtàgé. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti ń wo eré alárìnjò ní gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀ kò rí i bí ohun àjèjì nígbà tí ó dé ilé sinimá.

Ògúndé náà tẹ̀ lé ọ̀nà yìí. Ó gbé Ayé jáde ní ọdún 1979, Jáíyésinmi ní ọdún 1980, Àròpin ń Tènìyàn ní ọdún 1982 àti Àyànmọ́ ní ọdún 1988. Nínú Ayé àti Jáíyésinmi, òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà, orin àti ọfọ̀ sì wà lára ohun ìjà rẹ̀. Ó kọ́ abúlé fíìmù kan sí Ọ̀sọ̀sà, èyí tí ó fi mú iṣẹ́ sinimá wá sí àárín ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó kú ní ọdún 1990, ìlú rẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, wá láti agbo orin gan-an. Olórin háílàìfù ni kí ó tó di aláwàdà, Sunny Adé sì ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ kí òun náà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1982, Bàbá Sàlá àti Ọlá Balógun gbé Ọ̀run Móoru jáde, ìtàn apanilẹ́rìn-ín nípa ọkùnrin kan tí wọ́n lù ní jìbìtì, tí ó sì fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ikú kọ̀ ọ́.

== Orin rọ́ọ̀kì ní Èkó ==

Orin rọ́ọ̀kì ni orin tí ó dá lé gìtá oníná, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti ìlù òyìnbó, tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di ohùn ìran wọn. Ní Nàìjíríà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ń sín àwọn olórin òyìnbó jẹ ni. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tiwọn. Ní ìlà-oòrùn, àwọn ẹgbẹ́ bíi The Funkees yọ jáde láti inú ogun náà. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ wọn yí ká ilé-iṣẹ́ EMI àti àwọn ilé ijó ìlú náà.

Ẹgbẹ́ BLO bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972. Orúkọ àwọn mẹ́ta tí ó dá a sílẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́: Berkley Jones tí ń ta gìtá, Láolú Akíntóbí tí ń lu ìlù, àti Mike Odùmósù tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Àwo orin wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní ọdún 1973. Gìtá inú rẹ̀ ní ohùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí ó ha, ìlù rẹ̀ kò sì yára. Ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lábẹ́ gìtá náà. Nígbà tí ó yá, Odùmósù dara pọ̀ mọ́ Osibisa, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àti erékùṣù Karibíànì tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Joni Haastrup dá ẹgbẹ́ Monomono sílẹ̀, wọ́n sì gbé Give the Beggar a Chance jáde ní ọdún 1973. Ní ọdún kan náà ni Ofege gbé Try and Love jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's College ní Èkó ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ofege nígbà tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Ohùn ọmọdé tí ó wà nínú orin wọn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olùgbọ́ òde òní fẹ́ràn rẹ̀: a lè gbọ́ ọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ náà díẹ̀, wọn kò sì fi pamọ́.

Táíwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, ìbejì tí wọ́n bí ní ọdún 1948, mú ohùn obìnrin wọ agbo yìí. Ní ọdún 1972 wọ́n bá ẹgbẹ́ Salt ti Ginger Baker kọrin ní ìlú Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, ní àkókò ìdíje Òlíḿpíìkì. Láàrin ọdún 1976 sí 1979 wọ́n gbé àwo orin mẹ́rin jáde: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọrin, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ pọ̀ bí ohùn kan ṣoṣo. Kẹ́hìndé kú ní ọdún 2019.

Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, orin dísíkò àti fọ́ǹkì ti gba àyè lọ́wọ́ rọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tú ká, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ orin wọn kò sì tún àwo náà tẹ̀ mọ́.

== Àwọn fíìmù tí ó mú àkókò náà ==

Fíìmù àkọsílẹ̀ díẹ̀ ni ó bá àwọn olórin wọ̀nyí pàdé lójú iṣẹ́. Ní ọdún 1971, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream tí ó ti tú ká nígbà náà, wa ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Tony Palmer bá a rìn, ó sì ya ìrìn-àjò náà sí fíìmù tí a ń pè ní Ginger Baker in Africa. Baker bá Fẹlá ṣe orin, ó sì ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìkẹjà ní ọdún 1973.

Ní ọdún 1973 yìí kan náà ni Paul McCartney wá sí Èkó láti gba àwo orin Band on the Run sílẹ̀, pàápàá jùlọ ní ilé-iṣẹ́ EMI ní Àpápá. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin Áfíríkà gbé. McCartney jẹ́ kí ó gbọ́ àwọn orin tí ó ti gbà sílẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Aáwọ̀ náà parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kò parí: ta ni ó ni orin kan nígbà tí ó bá ti kúrò nílé?

Ní ọdún 1979 ni Jeremy Marre ṣe Konkombe, fíìmù àkọsílẹ̀ nípa orin Nàìjíríà. Àwọn ìbejì Líjàdù wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń gbọ́ àwo orin wọn nìkan kò lè mọ bí àwọn méjèèjì ti ń wo ojú ara wọn kí wọ́n tó gbé ohùn sókè. Fíìmù nìkan ni ó lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn.

== Sunny Adé nínú fíìmù Robert Altman ==

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Island gbé orin King Sunny Adé lọ sí òkè òkun pẹ̀lú àwo orin Juju Music, tí ó jáde ní ọdún 1982. Ó ti di olórin tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ràn orin ojú pópó ń wá kiri ní Amẹ́ríkà. Robert Altman, olùdarí tí ó ti ṣe Nashville, fíìmù olórin pàtàkì ti ọdún 1975, mú Sunny Adé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú fíìmù apanilẹ́rìn-ín kan tí a ń pè ní O.C. and Stiggs.

Ìtàn àwọn ọmọkùnrin méjì ní ìpínlẹ̀ Arizona ni. Wọ́n ń yọ ìdílé olówó kan lẹ́nu láìsinmi, wọ́n sì fẹ́ràn orin Sunny Adé. Ẹgbẹ́ náà yọ sínú fíìmù yìí pẹ̀lú dùndún àti gìtá, láàrin àwọn òyìnbó tí ìwà wọn kò bára mu. Fíìmù náà kò pa owó nígbà tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, ṣùgbọ́n ó ti ní àwọn olùfẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà náà. Fún òǹwòran Yorùbá, ohun ìtura ni láti rí i pé nínú fíìmù tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe wèrè, àwọn eléré jùjú nìkan ni ó dúró ṣinṣin lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

== David Byrne àti Ilé Ayé ==

Talking Heads jẹ́ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní ọdún 1975. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Remain in Light, tí ó jáde ní ọdún 1980, orin Fẹlá wà lára ohun tí àwọn àti Brian Eno ń gbọ́. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ti ń tún ìlù kan lù léraléra títí tí orin yóò fi kún láti inú rẹ̀ wá, láìyí ohùn rẹ̀ padà. Ní ọdún 1981, David Byrne, olórí ẹgbẹ́ náà, àti Eno gbé àwo orin mìíràn jáde, My Life in the Bush of Ghosts. Orúkọ ìwé tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé jáde ní ọdún 1954 ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ yìí ni ó wà nínú Stop Making Sense, fíìmù tí Jonathan Demme ṣe ní ọdún 1984, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀kan nínú àwọn fíìmù ìtàgé olórin tí ó dára jùlọ. Wọ́n tún gbé e padà sí ilé sinimá ní ọdún 2023. Ní ọdún 1986, Byrne fúnra rẹ̀ darí True Stories, fíìmù olórin aláwàdà nípa ìlú kékeré kan ní Texas. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí Pops Staples kọ, tí ó pe Papa Legba. Legba yìí ni orúkọ tí àwọn ará Haiti mú wá láti ilẹ̀ Fọ̀n. Yorùbá mọ̀ ọ́n sí Èṣù Ẹlẹ́gbára. Ní ọdún 1989, Byrne ṣe fíìmù àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀sìn Candomblé ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Èdè Yorùbá ni ó fi sọ ọ́: Ilé Aiyé.

Orin náà tún padà sí etí òkun tí ó ti lọ. Ní ọdún 2018, Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Ouidah ní ilẹ̀ Benin, tún gbogbo orin inú Remain in Light kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tony Allen, onílù tí ó bá Fẹlá dá ìlù afrobeat sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó bá a lù ú.

== Ìlù àti olórin nínú fíìmù ìgbàlódé ==

Túndé Kèlání ni ó mú àṣà fíìmù olórin wọ ìgbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Saworoidẹ, tí ó darí ní ọdún 1999 láti inú ìtàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, fi ìlù kan ṣe ẹni pàtàkì jùlọ nínú ìtàn. Ní ìlú Jogbo, ọba tí kò bá ṣe ètùtù tí ó yẹ kò gbọdọ̀ dé adé níbi tí wọ́n bá ti ń lu saworo náà. Bí ó bá dé e, yóò kú. Ìgbà ìjọba ológun ni wọ́n ṣe fíìmù yìí, àwọn òǹwòran sì mọ ẹni tí ìlù náà ń bá wí. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, wà lára àwọn òṣèré inú rẹ̀.

Ní ọdún 2021, Kèlání gbé Àyìnlá jáde, ìtàn ìgbésí ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá olórin àpàlà ní Abẹ́òkúta, tí ó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú ìjà kan ní ilé ọtí ní oṣù karùn-ún ọdún 1980. Láteef Adédiméjì ni ó ṣe Àyìnlá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ orin àpàlà rí ni fíìmù náà mú padà sí àwọn àwo orin rẹ̀.

== Ohun tí ó sọnù àti ohun tí a rí padà ==

Fíìmù kì í pẹ́ bàjẹ́ ní ilẹ̀ tí ó gbóná tí ó sì ní ọ̀rinrin. Bí ooru bá mú fíìmù àtijọ́, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, yóò máa rùn bí ọtí kíkan, yóò súnkì, kò sì ní ṣeé fi sínú ẹ̀rọ mọ́. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà Ògúndé, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ojúlówó ẹ̀dà máa ń padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín.

Iná àti olè náà ṣe tiwọn. Fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ara rẹ̀, The Black President, bá iná lọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun kọlu ilé rẹ̀ tí a ń pè ní Kalakuta ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977. Àwọn tí ó ń ṣe ẹ̀dà láìgbàṣẹ ta Ọ̀run Móoru káàkiri lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbèsè tí ó sì ti ibẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ Bàbá Sàlá run. Síbẹ̀, òtítọ́ kan tí ó korò wà níbẹ̀: ẹ̀dà irú èyí tí àwọn olè ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àwọn fíìmù ìgbà náà.

Ti àwo orin rọ́ọ̀kì sàn díẹ̀. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Soundway ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àkójọ Nigeria Rock Special jáde. Ní ọdún 2016, Uchenna Ikonne kọ Wake Up You!, ìwé alápá méjì tí orin bá a rìn, nípa bí rọ́ọ̀kì Nàìjíríà ṣe gòkè tí ó sì wọlẹ̀ láàrin ọdún 1972 sí 1977. Láti inú àwo àtijọ́ tí àwọn ènìyàn tọ́jú sílé ni ọ̀pọ̀ irú àtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nígbà tí téèpù ojúlówó kò bá sí mọ́. Ìdí nìyí tí a fi máa ń gbọ́ ariwo abẹ́rẹ́ lábẹ́ orin nígbà mìíràn.

Ní Jọ́ọ̀sì, àjọ Nigerian Film Corporation ní ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè. Nínú ilé náà ni wọ́n ti rí Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe ní Berlin, wọ́n sì fi í hàn níbẹ̀ ní ọdún 2018. Ọdún tí Àjàní Ògún jáde ni Shaihu Umar náà jáde.